Ẹdun Boabeng àti Ẹyẹ Etí Òkun Gánà

Ìtàn tí a fẹ́ gbé ka iwájú yín lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn àgbà oníwàásù tí ó ti kọjá lọ. Ìtàn ọ̀bọ ni, àti ti ẹyẹ, àti ti àwọn ọmọdé tí ń dẹkùn mú ẹyẹ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rẹ́rìn-ín sí i. Ọ̀rọ̀ ìjọ Ọlọ́run wà nínú rẹ̀ dáadáa, àwọn tí ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi ni a sì ní lọ́kàn jùlọ bí a ti ń kọ ọ́.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn òbí wa ni ó mọ ilẹ̀ Gánà bí ẹni mọ ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀, nítorí pé wọ́n ṣòwò ní Kumasi, ní Tamale àti ní Accra, kí àṣẹ tí ìjọba ibẹ̀ pa ní oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó mú kí wọ́n di ẹrù wọn padà sílé. Àwọn tí ó rin ọ̀nà àríwá Kumasi nínú wọn yóò ti gbọ́ orúkọ Nkoranza. Nítòsí ìlú yìí, ní ẹkùn tí a ń pè ní Bono East nísinsìnyí, ìletò méjì wà tí orúkọ wọn ń jẹ́ Boabeng àti Fiema. Láti ọ̀kan dé èkejì kò ju bí kìlómítà kan lọ. Ibẹ̀ ni igbó dúdú ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀, igbó kékeré kan sì dúró ti àwọn ìletò náà bí erékùṣù láàrin omi.

Irú ọ̀bọ méjì ni ó ń gbé inú igbó náà. Èkínní jẹ́ onírun àwọ̀ ilẹ̀ lẹ́yìn, aláyà funfun, tí kì í bẹ̀rù ènìyàn rárá. A máa wọ inú ìletò lọ jẹ ohun tí ó bá rí. Èkejì ni ẹdun, ẹran dúdú onírù funfun gígùn, tí ń gbé òkè igi tí ó sì ń fi ewé ṣe oúnjẹ. Àwa ọmọ Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ẹdun. Òun ni àwọn baba wa fi ń ki ìbejì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń ki ìbejì bẹ́ẹ̀ lónìí kò tíì fi ojú kan ẹdun rí láyé wọn.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu ìlú náà sọ pé ọdẹ kan ló kọ́kọ́ bá àwọn ọ̀bọ wọ̀nyí nínú igbó, tí wọ́n jókòó yí aṣọ funfun kan ká bí ẹni ń ṣọ́ ọ. Ẹnu yà á, kò lè yìnbọn. Wọ́n wá gbà pé ọmọ òrìṣà ni àwọn ọ̀bọ náà, òrìṣà Daworo ní Boabeng àti òrìṣà Abodwo ní Fiema. Láti ìgbà náà ni pípa ọ̀bọ ti di èèwọ̀. Bí ọ̀kan bá kú, wọn a di òkú rẹ̀, wọn a sì sin ín bí ẹni sin ènìyàn. Itẹ́ òkú àwọn ọ̀bọ náà wà níbẹ̀ títí di òní, a sì ń fi í han àlejò.

A kò kọ èyí láti yin òrìṣà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ ìwàásù wa mọ ibi tí a dúró sí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ìtàn ni a ń wá, òtítọ́ náà sì ni pé ìbẹ̀rù yẹn ṣe ọgbà yí àwọn ọ̀bọ náà ká ju ayé ènìyàn kan lọ. Àwọn ọdẹ ìlú mìíràn ń pa tiwọn, wọ́n ń yan án, wọ́n ń tà á lójú ọ̀nà. Ti Boabeng àti ti Fiema ń ṣeré lórí òrùlé.

Ìhìnrere dé ìletò méjèèjì, bí ó ti dé ọ̀dọ̀ tiwa náà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ nǹkan bí ọdún 1970 sí 1975, àwọn ọmọ ìjọ kan níbẹ̀, tí a kò ní dárúkọ ìjọ wọn, dìde wí pé àwọn kò sí lábẹ́ èèwọ̀ mọ́. Wọ́n ní ọ̀bọ kì í ṣe ọmọ òrìṣà. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n ní nígbà tí kì í ti í ṣe ọmọ òrìṣà, ẹran ọbẹ̀ ni. Níhìn-ín ni ẹsẹ̀ ti yọ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ kejì kò tẹ̀lé ti àkọ́kọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọ̀bọ, iye àwọn ẹranko náà sì ń lọ sílẹ̀. Àwọn abọrẹ̀ kò rí nǹkan kan ṣe sí i, nítorí kí ni a ó fi dẹ́rù ba ẹni tí kò bẹ̀rù òrìṣà? Nígbẹ̀yìn, ará ìlú kan tọ ẹ̀ka ìjọba tí ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́ lọ, ó ké fún ìrànlọ́wọ́. Ní ọdún 1975, ìgbìmọ̀ ìbílẹ̀ Nkoranza ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa ọ̀bọ ní àyíká náà. Bẹ́ẹ̀ ni ọgbà òfin rọ́pò ọgbà ìbẹ̀rù tí ó ti wó.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Nígbà ìsọjí ọdún 1930 tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn kó ère wọn jáde, wọ́n sì sun wọ́n níná. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ère ni a ní kí a sun. A kò ní kí a gé igi tí ó ṣíji bo orísun omi ìlú. Àwọn kan máa ń tọ́ka sí Gídíónì, wọ́n ní òun náà gé igbó òrìṣà baba rẹ̀ lulẹ̀. Ẹni tí ó bá jókòó ti èdè Hébérù ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì mọ̀ pé òpó igi tí a gbẹ́ fún Áṣérà ni ohun tí Gídíónì gé, kì í ṣe aginjù igi tí Ọlọ́run gbìn. Mósè, tí kò fi ojú rere wo ère rí, ni ó kọ̀ fún àwọn ọmọ ogun láti gé igi eléso tí ó yí ìlú ọ̀tá ká, bí ó ti wà ní Deuteronomi orí 20. Nínú orí 22 ìwé kan náà, ó pàṣẹ fún ẹni tí ó bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà pé kí ó jẹ́ kí ìyá ẹyẹ lọ, kí ó má ṣe kó ìyá pẹ̀lú ọmọ. Ó so ẹ̀mí gígùn mọ́ òfin kékeré yìí, gẹ́gẹ́ bí a ti so ó mọ́ bíbọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá. Mélòó nínú wa ni ó ti gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀ rí?

A padà sí ìtàn. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin nìkan kì í ṣọ́ igbó. Gánà ti ní òfin àbò ẹranko ìgbẹ́ láti ọdún 1961, a sì fi ìlànà mìíràn kún un ní ọdún 1971. Síbẹ̀, ọ̀bọ onírun pupa àti dúdú kan wà nínú igbó dúdú ilẹ̀ Gánà àti Ivory Coast, èyí tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Miss Waldron pè. Ẹranko náà kì í sá, ariwo rẹ̀ pọ̀, ó sì rọrùn fún ọdẹ láti rí. Ọdún 1978 ni a rí i kẹ́yìn tí ó dájú. Àwọn onímọ̀ wá a kiri nínú igbó fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, wọn kò bá ọ̀kan ṣoṣo, ní ọdún 2000 ni wọ́n sì kéde pé ó dà bí ẹni pé ó ti run. Ìwé òfin wà ní Accra ní gbogbo ìgbà tí ó ń run lọ. Kò sí ẹnìkan nínú àwọn ìletò igbó náà tí a kọ́ láti fẹ́ràn rẹ̀.

Òfin ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Ní etí òkun Gánà, ọmọdé ni ọdẹ, ibẹ̀ sì ni apá kejì ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀.

Ẹyẹ kan wà tí ó funfun, tí orí rẹ̀ dúdú bí ẹni dé fìlà, tí ìrù rẹ̀ gùn tí ó sì là sí méjì, tí àyà rẹ̀ máa ń pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní àsìkò tí ó bá ń yé ẹyin. Roseate Tern ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ó fẹ́rẹ̀ má wúwo ju ẹyin adìyẹ méjì lọ. Ní àwọn erékùṣù kéékèèké ilẹ̀ Ireland àti ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ń pa ọmọ, ẹyin kan tàbí méjì lọ́dún. Bí òtútù bá sì ti ń bọ̀, a gbéra, a tẹ̀lé etí òkun títí yóò fi dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Gánà ni ó sì fẹ́ràn jùlọ. Ẹja sáwá ni ó ń tẹ̀lé. Omi tútù a máa ru sókè láti ìsàlẹ̀ òkun ní agbègbè náà ní ìdajì kejì ọdún, sáwá a sì kún etíkun bí ìyẹ̀pẹ̀. Àwọn apẹja mọ̀ ọ́n: ibi tí ẹyẹ bá ti ń já lu omi, ibẹ̀ ni wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ.

Ní ọdún 1968, àwọn tí ń ka ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ireland rí ju 3,000 takọtabo lọ. Nígbà tí yóò fi di òpin àwọn ọdún 1980 sí 1989, wọn kò pé 600 mọ́. Ohun tí ó pa wọ́n kò yé ẹnikẹ́ni lákọ̀ọ́kọ́. Òrùka ni ó tú àṣírí náà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi òrùka irin kékeré sí ẹsẹ̀ ọmọ ẹyẹ kí ó tó lè fò, wọn a tẹ nọ́ńbà sí i lára àti àdírẹ́sì ilé ohun-ìṣẹ̀m̀báyé ńlá ti London. Àwọn lẹ́tà wá ń ti Gánà dé London pé a rí òrùka báyìí lẹ́sẹ̀ ẹyẹ báyìí. Nígbà tí a kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó hàn gbangba pé ọwọ́ ènìyàn ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹyẹ náà kú sí, àti pé àwọn ọmọdékùnrin ni ó ń mú wọn jùlọ. Wọn a fi okùn ṣe ojóbó sórí iyanrìn, wọn a fi ẹja kékeré tan ẹyẹ náà. Nígbà mìíràn ebi ni, nígbà mìíràn fún títà. Lọ́pọ̀ ìgbà eré ọmọdé lásán ni.

Ẹ kíyèsí i pé kò sí ìkà nínú ọkàn àwọn ọmọ wọ̀nyí ju ti àwọn ọmọ tiwa tí ń fi rọ́bà ta ẹyẹ òrófó lọ. Ọmọ náà rí ẹyẹ púpọ̀ lónìí, ó rí púpọ̀ lánàá. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ìwọ̀nba tí ó kù ní gbogbo apá ilẹ̀ Yúróòpù yẹn ni ó péjọ sí etí òkun ìletò rẹ̀? Nínà kò lè kọ́ ọ ní èyí. Ọlọ́pàá kò sì lè dúró sí gbogbo iyanrìn láti Keta títí dé ẹnu ààlà Ivory Coast.

Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Gánà, pẹ̀lú ẹgbẹ́ aláàbò ẹyẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní RSPB, àti àjọ àgbáyé tí ó ń jẹ́ BirdLife International láti ọdún 1993, dáwọ́ lé iṣẹ́ ìgbàlà ẹyẹ etí òkun ní ọdún 1985, ilé-ìwé ni wọ́n gbà lọ. Wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé sílẹ̀ ní àwọn ìlú etí òkun, láti máa kọ́ nípa ẹyẹ àti ẹranko. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun ní Áfíríkà, nítorí pé Kenya ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1968, òun sì ni àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ dúdú. Ẹ̀kọ́ tí a ní láti kọ́ wọn kò le: pé ẹyẹ tí ó wà lórí iyanrìn yìí ní ilé níbòmíràn, pé ó rin ìrìn ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, pé ẹyin kan tàbí méjì ni ó ń yé lọ́dún, àti pé òun ni ó ń fi ẹja han baba wọn. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yìí ni a gbà pé ó wọ etí ọmọ apẹja jù. Ọmọ tí ó bá gbọ́ ọ yóò délé béèrè lọ́wọ́ baba rẹ̀, baba rẹ̀ kò sì ní lè sọ pé irọ́ ni.

Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ ju ẹyẹ kan lọ. Gánà ti wọ inú àdéhùn àgbáyé lórí àwọn ọ̀sà àti irà ní ọdún 1988. Ní ọdún 1992, a kọ ọ̀sà Keta, ti Songor, ti Sakumo, ti Muni àti ẹnu odò Densu sínú ìwé àdéhùn náà. Láti inú iṣẹ́ ìgbàlà ẹyẹ etí òkun yìí kan náà ni ẹgbẹ́ tí ń jẹ́ Ghana Wildlife Society ti jáde ní ọdún 1991, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Dídẹ okùn fún ẹyẹ dínkù. A kò lè sọ pé ó tán. Iye ẹyẹ náà ti gbérí. Ní erékùṣù Rockabill nítòsí Dublin nìkan, ó ti ju 1,600 takọtabo lọ ní ọdún àìpẹ́ yìí. A kò gbọdọ̀ fi gbogbo ògo rẹ̀ fún àwọn ọmọ Gánà, nítorí pé àwọn ará Ireland pẹ̀lú ti ń fi olùṣọ́ sí erékùṣù náà láti ọdún 1989, wọ́n sì ń kan àpótí sílẹ̀ fún ẹyẹ láti yé sí. Ṣùgbọ́n olùṣọ́ Rockabill ìbá ti ṣe asán bí ẹyẹ tí ó tọ́ dàgbà bá ń dé Gánà wá kú sínú ojóbó. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ní Boabeng àti Fiema ńkọ́? Òfin ọdún 1975 náà ṣì dúró, àwọn olùṣọ́ sì wà. Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú ni àlejò ti ń wá láti òkè òkun àti láti ilé-ìwé Gánà fúnra rẹ̀, owó tí wọ́n ń san a sì máa ran ìletò lọ́wọ́. Láàrin ọdún 1990 sí 2010, iye ẹdun tí a kà níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, àwọn mìíràn sì ti ṣí lọ sí àwọn igbó kéékèèké tí ó wà ní àyíká. Níbòmíràn ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ àgbáyé fi irú ẹdun yìí sí ipò àwọn ẹ̀dá tí ìparun wọn ti sún mọ́lé jùlọ. Igbó Boabeng fúnra rẹ̀ kò tóbi, oko yí i ká, iná ọ̀dàn sì ń jẹ ẹ́ létí lọ́dọọdún. Bí àwọn àgbà tí ó ṣì bẹ̀rù Daworo bá kú tán, tí àwọn ọmọ wọn tí ó jẹ́ Kristẹni bíi tiwa kò sì rí ìdí mìíràn láti dá ẹdun sí ju owó àlejò lọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ ní ọdún tí àlejò kò bá wá? Irú ọdún bẹ́ẹ̀ dé ní 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ti gbogbo ẹnu ibodè pa.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ ọ́ fún àwọn olùkọ́ wa. Àwa ni a kọ́ àwọn ọmọ pé kò sí ẹ̀mí òrìṣà nínú ìrókò. Àwa náà ni ó yẹ kí a kọ́ wọn pé Ẹlẹ́dàá ìrókò wà láàyè, àti pé nígbà tí Ó fi ènìyàn sínú ọgbà Édẹ́nì, ríro ilẹ̀ àti ṣíṣọ́ ọ ni iṣẹ́ tí Ó fún un. Ẹni tí ó bá kọ́ ọmọ ní apá kan, tí ó fi apá kejì sílẹ̀, ó ti fi àdá lé e lọ́wọ́ láìsọ ibi tí yóò gé fún un. Àwọn baba wa wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Kò gba owó púpọ̀. Àwọn ẹ̀ka wa ní ilẹ̀ òkè lè mú ọmọ lọ sí orísun odò ìlú wọn, kí wọ́n ka igi tí ó kù níbẹ̀, kí wọ́n bi àwọn arúgbó léèrè iye tí ó wà tẹ́lẹ̀, kí wọ́n sì gbin èyí tí ó bá sọnù. Ẹ̀ka tí ó wà ní Èkó lè kó wọn lọ sí ọgbà Lekki, tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní ọdún 1990, níbi tí ọ̀bọ ṣì wà lórí igi tí ọmọ Èkó lè fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn ẹ̀ka etí òkun, láti Badagry títí dé Accra, lè bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá, nígbà tí àwọn ẹyẹ ilẹ̀ òtútù bá ti dé. Kí olùkọ́ kó àwọn ọmọ lọ sórí iyanrìn ní òwúrọ̀, kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, kí wọ́n máa wò. Bí wọ́n bá rí òrùka lẹ́sẹ̀ ẹyẹ tí ó ti kú, kí wọ́n kọ gbogbo lẹ́tà àti nọ́ńbà ara rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti ibi tí a ti rí i, kí olùkọ́ sì fi ránṣẹ́ sí Ghana Wildlife Society ní Accra tàbí sí Nigerian Conservation Foundation ní Lekki. Bí ó bá jẹ́ ẹyẹ ààyè tí okùn mú ni wọ́n bá, kí wọ́n ka nọ́ńbà òrùka rẹ̀, kí wọ́n já okùn náà, kí wọ́n sì tú ẹyẹ sílẹ̀ kí ó máa lọ.